ỌKỌ̀ ÒFÚRUFÚ KÉKERÉ: Àsọyé fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Kan Ọ̀kan



Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò àwọn àsọyé wọ̀nyí ké sí wa, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìtàn ìjọ tàbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a ó mú wá. Bí a ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A kò bínú sí i. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwa pẹ̀lú ì bá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa láti ìgbà náà, ó sì tọ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín, kí a tó máa pe ara wa ní olùkọ́ni.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, a rí i pé ojú rẹ̀ kò sí lára wa. Ó fi ohun kan pamọ́ sí abẹ́ àga, ó sì ń fi abẹ fá a díẹ̀díẹ̀. A pè é jáde. Ọkọ̀ òfúrufú ni, tí ó fi mùdùnmúdùn inú pákó ògùrọ̀ gbẹ́, tí ó sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àwa gba á, a ṣẹ́ ẹ sí méjì níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì jù ú síta láti ojú fèrèsé. A bi í pé, ‘Ṣé èyí ni yóò fún ọ ní oúnjẹ jẹ lọ́la?’ Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò sunkún. Ó wo ojú fèrèsé náà, ó wo ojú wa, ó sì padà lọ jókòó.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ìyá rẹ̀ wá bá wa nílé. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì ní, ‘Bàbá Àlùfáà, ẹ má bínú. Ọmọ mi kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́. Òun ni ó ń tún àga wa ṣe bí ó bá yẹ̀, òun ni ó ń tún iná àtùpà ṣe. Nísinsìnyí, bí mo bá ní kó ṣe é, á ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bá mi bi í léèrè ohun tí ó dé.’ Ìyá náà kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó da omi sí iná náà gan-an ni òun wá. Àwa sì mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wa.

Ìtàn kan tí a ti kà rí ni ó padà sí wa lọ́kàn ní òru ọjọ́ náà. Ní ọdún 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní Amẹ́ríkà, Milton Wright ni orúkọ rẹ̀, nínú ìjọ tí a ń pè ní United Brethren in Christ. Iṣẹ́ ìjọ a máa mú un rin ìrìnàjò púpọ̀. Ní ọjọ́ kan ó ti ìrìnàjò dé sí ilé rẹ̀ ní ìlú Cedar Rapids, ó fi ohun kan pamọ́ sí ọwọ́. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré méjì ti wá pàdé rẹ̀, ó jù ú sókè. Dípò kí ohun náà já lulẹ̀, ó fò lọ kan àjà, ó rọ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tó wá sọ̀ kalẹ̀. Kọ́ọ̀kì tí a fi ń dí ìgò, ọparun àti tákàdá ni a fi ṣe é, rọ́bà tí a lọ́ ni ó sì ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Pénaud, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ náà, Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11, Orville jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ohun ìṣeré náà kò pẹ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 25 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ní etí òkun kan ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ méjì yìí kan náà ni ó fò nínú ọkọ̀ òfúrufú tí ó ní ẹ̀rọ, èyí tí ènìyàn darí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí ṣáájú wọn.

Ẹ kíyè sí i, ará. Bíṣọ́ọ̀bù ni ọ̀kan, àlùfáà ni ọ̀kan. Ọ̀kan mú ohun ìṣeré wọlé fún ọmọ, ọ̀kan ju ohun ìṣeré ọmọ síta. Ọ̀ràn yìí kò jẹ́ kí a sùn.

Ní òwúrọ̀, a pinnu pé a kò ní lọ bá ọmọ náà pẹ̀lú ẹnu lásán. A ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa kan ọkọ̀ òfúrufú kan, kí a lè mọ ohun tí a bàjẹ́. A rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹni tí ó ti jáde ní kọ́lẹ́jì, tí ó ka èdè Gíríìkì díẹ̀, kí ni ohun ìṣeré ọmọdé yóò fi ṣòro fún un? Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. A fẹ́ kí ọwọ́ wa wọ kèrègbè ní tipátipá.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a fẹ́ ṣe ohun ńlá. A wo àwòrán àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí ń balẹ̀ ní Alákìá, a sì fẹ́ kí tiwa ní kẹ̀kẹ́, kí ó ní fèrèsé, kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Igi tí káfíńtà fi ń ṣe àpótí ni a rà, ìṣó ni a sì fi kàn án. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dára ní wíwò. A gbé e lọ sí orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, a sọ ọ́. Ará, ó ṣubú bí òkúta. Imú rẹ̀ ya, ìyẹ́ kan fò lọ ní tirẹ̀. A ṣe èkejì, ó ṣubú. A ṣe ẹ̀kẹta, òun náà ṣubú. Ìdí rẹ̀ kò yé wa nígbà náà, ó ti yé wa báyìí, a ó sì sọ ọ́ ní ṣókí. Bí ẹ bá sọ gígùn àti ìbú ọkọ̀ kan di ìlọ́po méjì, tí ẹ sì sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì bákan náà, fífẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé ró a di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìwúwo a máa yára dàgbà ju ìyẹ́ lọ. Àwọn ọmọ Wright pẹ̀lú rí i nígbà èwe wọn, nítorí bí wọ́n ti ń mú ohun ìṣeré wọn tóbi sí i ni ó túbọ̀ ń kọ̀ láti fò, tí wọn kò sì mọ ohun tí ó fà á.

Nígbà tí ẹ̀kẹrin tiwa ṣubú, àwa nìkan kọ́ ni a wà ní àgbàlá. Ọmọ náà ti wá jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún wa, ó sì dúró ní abẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wí jẹ́jẹ́ pé, ‘Bàbá, imú rẹ̀ fúyẹ́ jù, igi yẹn náà sì wúwo jù.’ A wò ó. A ní, ‘Ọmọ mi, wá fi hàn mí.’ Ó mi orí, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Nígbà náà ni a bẹ̀ ẹ́. Àwa tí a ti gun orí pẹpẹ fún ọdún púpọ̀, a bẹ ọmọ ọdún méjìlá pé kí ó dárí ohun tí a ṣe jì wá. Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó padà wá, ó sì mú pákó ògùrọ̀ kan dání.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ yín nísinsìnyí, láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni a ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, a sì fi ohun tí a kà nínú ìwé kún un. A ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún.

Èkíní ni ti ohun èlò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá ẹ̀rọ kiri, kò gbọdọ̀ wá rédíò tí a fi ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ rárá, tí a fi ọwọ́ sọ, tí ó sì ń yọ̀ lórí afẹ́fẹ́ bí àṣá ti í ṣe nígbà tí kò ju apá, òun ni kí ó kọ́kọ́ kàn. Ní òkè òkun, igi tí a ń pè ní balsa, tí ó ti ilẹ̀ Ecuador wá jù lọ, ni wọ́n fi ń kàn án, nítorí pé ó fúyẹ́ púpọ̀. A kò ní i ní tòsí. Ṣùgbọ́n ẹ gé ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ tí ó ti gbẹ, ẹ bó èèpo líle rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí mùdùnmúdùn funfun tí ó fúyẹ́ bí òwú. Ẹ fi abẹ là á sí pẹlẹbẹ, ẹ sì fi ewé eépín yún un kí ó dán. Ẹ wá páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí a fi ń di ọṣẹ, ẹ wá gọ́ọ̀mù, ẹyọ ìgbálẹ̀, àti amọ̀ díẹ̀. Gbogbo ohun tí ó kù tí a ní láti fi owó rà, a rí i ní Ọjà'ba, kò sì ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ. Kí ọmọdé máa gé nǹkan kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó má ṣe gé e wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí àgbà sì wà nítòsí.

Èkejì ni ti ìwọ̀n. Kí ara ọkọ̀ gùn ní ínṣì 9, kí ó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Kí ìyẹ́ gùn ní ínṣì 12 láti etí dé etí, kí ó fẹ̀ ní ínṣì 2, kí ó má sì nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì kan lọ. Kí ìrù tí ó dùbúlẹ̀ gùn ní ínṣì mẹ́rin àbọ̀, kí ó fẹ̀ ní ínṣì kan àbọ̀. Páálí ni kí ẹ fi ṣe é. Kí ìrù tí ó dúró ga ní ínṣì kan àbọ̀. Kí etí iwájú ìyẹ́ jìnnà sí imú ọkọ̀ ní ínṣì méjì àbọ̀. Ìrù méjèèjì wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Èyí tí ó dùbúlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa mi orí sókè sódò, èyí tí ó dúró ni kì í jẹ́ kí ó máa yà sọ́tùn-ún sósì. Pénaud tí a dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi èyí hàn ní ọdún 1871, nígbà tí ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tí ó ní rọ́bà fò nínú ọgbà kan ní Paris fún ìṣẹ́jú àáyá 11, tí ó sì rìn tó ìwọ̀n mítà 40 láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ń tọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ti ìyẹ́. Ìyẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ aláta. Ẹ gé e sí méjì ní àárín, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, kí etí rẹ̀ méjèèjì gbé sókè ní ínṣì kan ju àárín lọ, bí apá ẹyẹ tí ó fẹ́ bà. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í kí ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbé jù, yóò sì gbé e padà sókè. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí abẹ́ etí iwájú ìyẹ́ náà kí iwájú rẹ̀ lè ga ju ẹ̀yìn lọ ní ìwọ̀nba. Kí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì dọ́gba ní gígùn àti ní ìwúwo. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í fi apá tí ó wúwo jù ìkejì fò lọ sí ibi tí ó fẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti ìdúró déédé, òun sì ni olórí gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó sọ ọkọ̀ yín, ẹ fi orí ìka méjì gbé e ró ní abẹ́ ìyẹ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ní ibi tí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ìyẹ́ náà parí láti iwájú. Bí ó bá dúró pẹrẹsẹ, ó dára. Bí ìrù bá lọ sílẹ̀, ẹ lẹ amọ̀ mọ́ imú. Ohun tí ọmọ náà fi ojú lásán rí nìyí, tí àwa kò rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ṣe wá ní kàyéfì pé a ní láti fi ẹrù kún ohun kan kí ó tó lè fò. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé bí ẹrù bá ti kúrò lórí ẹni, ẹni yóò fò. Ọkọ̀ kékeré yìí wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí ẹrù wà ni ó ṣe pàtàkì.

Ẹ̀karùn-ún ni ti sísọ ọ́. Ẹ wá ibi tí koríko wà, ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ mọ bí ọkọ̀ ti pọ̀ tó ní abẹ́ afárá Mọ́lété, ọmọ tí ó bá sáré tẹ̀lé ohun tí ń fò kì í wo ilẹ̀. Ẹ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹ má ṣe jù ú bí ẹni ń ju òkò. Ẹ gbé e sí déédé èjìká, kí imú rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ tì í síwájú jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi í lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Yóò ṣubú. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ṣubú ni yóò sọ àrùn tí ń ṣe é. Bí ó bá gbé orí sókè, tí ó dúró bí ẹni tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀, tí ó sì já wálẹ̀, imú rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ fi amọ̀ kún un. Bí ó bá tẹrí ba tí ó sì forí sọlẹ̀ lójú kan náà, imú rẹ̀ wúwo; ẹ yọ amọ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ etí ẹ̀yìn ìrù tí ó dùbúlẹ̀ sókè ní ìwọ̀nba. Bí ó bá ń yí po, ẹ wò ó láti iwájú, ẹ ó rí i pé ìyẹ́ kan ti lọ́. Kí ẹ sì ṣe ohun kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá fi amọ̀ kún imú, tí ó tẹ ìrù, tí ó sì yí ìyẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá tilẹ̀ fò, kò mọ èyí tí ó mú un fò. Bí ó bá sì ṣubú, kò mọ èyí tí ó gbé e ṣubú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ń kan ọkọ̀ òfúrufú ní láti ṣe méjèèjì.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọdé nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún. Ní ọdún 1901, àwọn ọmọ Wright, tí wọ́n ti di àgbà, tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń tún un ṣe, kan ọkọ̀ ńlá kan tí kò ní ẹ̀rọ. Kò gbé wọn bí wọ́n ti retí. Wọ́n banú jẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n wọn kò lọ kan èyí tí ó tún tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n padà sí ohun kékeré. Wọ́n ṣe àpótí kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ kéékèèké sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e tó. Irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dán wò tó nǹkan bí 200. Láti inú àpótí yìí ni ìmọ̀ ti wá. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fò ní 1903, ìgbà àkọ́kọ́ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ, jíjìnnà rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 120. Ìgbà kẹrin ní ọjọ́ kan náà, wọ́n lo ìṣẹ́jú àáyá 59, wọ́n sì rin ẹsẹ̀ bàtà 852. Lẹ́yìn èyí ni ìjì gbé ọkọ̀ náà, tí ó sì bà á jẹ́. Bí a bá ní ká fi ìṣubú ṣe ìdájọ́, kò sí ẹnikẹ́ni tí ì bá fò rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ọdún 1925 ni ọkọ̀ òfúrufú balẹ̀ sí Kánò, tí àwọn ènìyàn sì jáde lọ wò ó. Kò ju ọdún 17 lọ lẹ́yìn náà, ní 1942, tí ọmọ Nàìjíríà kan, Peter Thomas, di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò tiwa yìí, láti ọdún 2016, ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké tí kò sí ènìyàn nínú wọn ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tí ó jìnnà ní ilẹ̀ Rwanda, tí wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Ẹni tí ó bá wo ọ̀kan nínú wọn yóò rí i pé àbúrò ohun ìṣeré ni: ìyẹ́, ìrù, abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀mí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí àwọn àgbà kan ì bá ṣẹ́ sí méjì. Ó yẹ kí a fi kún un pé irú ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òfin ilẹ̀ wa béèrè ìwé àṣẹ kí a tó lè fò ó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pákó ògùrọ̀ kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní Ingenuity fò lójú ọ̀run Mars, ayé mìíràn tí ń yí oòrùn ká bíi tiwa. Àwọn tí ó ṣe é so ìrépé aṣọ kékeré kan mọ́ ọn lára, èyí tí a gé lára ìyẹ́ ọkọ̀ àwọn Wright ti 1903. Àwọn amòye tí ó ní agbára láti rán ẹ̀rọ lọ sí ibi jíjìn bẹ́ẹ̀ kò tijú láti rántí ọkọ̀ tí ó fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a ń lọ. A kò sọ pé kí ọmọ má ṣe kàwé. A kò sì sọ pé kí ó máa fá igi nígbà tí a bá ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà fún ohun gbogbo. Àwa tilẹ̀ jẹ̀bi ní ọ̀nà méjì: ìbáwí tọ́ sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a jẹ níyà. A ì bá ti gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a fi í pamọ́ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, kí a tó pè é, kí a bi í pé, ‘Báwo ni o ṣe ṣe é?’ Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ‘báwo ni o ṣe ṣe é,’ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí a kò ti sọ ọ́, ó ná ọmọ kan ní ìgbàgbọ́ tí ó ní nínú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ná wa ní oṣù púpọ̀ kí a tó rí díẹ̀ gbà padà nínú rẹ̀.

A ó fi èyí parí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1910, Bíṣọ́ọ̀bù Milton Wright, tí ó ti di arúgbó ẹni ọdún 81, jókòó ti Orville ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n sì gbéra. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó fò nìyẹn. Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tí ó sọ sí etí ọmọ rẹ̀ ni pé kí ó túbọ̀ gòkè sí i. Ohun tí ó gbé wọ ilé ní àtẹ́lẹwọ́ ní 1878, òun ni ó gbé e lọ sókè ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ọkọ̀ tiwa kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sókè. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ náà lẹ amọ̀ kékeré kan mọ́ imú ẹ̀keje tí a ṣe, ó fi ìka méjì gbé e ró, ó wò ó, ó sì nà án sí wa. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ sọ ọ́.’ A ní kí òun sọ ọ́. Ó ní, ‘Rárá, Bàbá, tiyín ni.’ A tì í síwájú jẹ́jẹ́ láti orí àtẹ̀gùn. Ó lọ, ará. Ó ré kọjá igi máńgòrò, ó yà díẹ̀ sí òsì, ó sì bà lé koríko ní ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. A fi ẹsẹ̀ wọn jíjìnnà rẹ̀, ìṣísẹ̀ 31 ni. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, ọmọ náà ti jókòó sí orí àtẹ̀gùn, ó fa abẹ yọ nínú àpò rẹ̀, ó sì ti ń fá ẹ̀kẹjọ.